Ṣé máàkì ló ń ju bọ́ọ̀lù ni?

Wọ́n ní kí àwa JSS 2 kọ nípa ohun kan tó ń jẹ wá lọ́kàn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín á rò pé ẹ̀wà Ọjọ́rú ni màá kọ nípa ẹ̀. Rárá o. Bọ́ọ̀lù ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tí à ń gbá ní pápá wa. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, síbẹ̀ football náà ni wọ́n ń pè é. (Ẹ má bi mí pé kí ló fà á. Èmi náà béèrè, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.)

Ìgbà ọlidé tó kọjá ni mo gbọ́ nípa ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ bùrọ̀dá dádì mi, tí wọ́n ń gbé ní Houston, wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ Houston Texans ni wọ́n ń tì lẹ́yìn, gbogbo ìgbà ni wọ́n sì ń wo eré wọn lórí fóònù. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní, "Ṣó o mọ̀ pé kí wọ́n tó mú ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù, wọ́n máa ń ṣe ìdánwò ọpọlọ fún un?" Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Ìdánwò ọpọlọ fún ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kẹ̀? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ọjọ́ ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń jiyàn lé e lórí: ṣé ẹni tí máàkì ẹ̀ ga nínú ìdánwò yẹn ló máa ń mọ eré náà jù? Láti ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ náà ò ti kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo ohun tí mo rí kà lórí ẹ̀ ni mo kà kí n tó padà wọlé ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà díẹ̀, torí tí kò bá yé yín, ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ ò ní yé yín. Bọ́ọ̀lù náà ò rí roboto. Ó rí bí èso kòkó, ó ṣóńṣó níhìn-ín, ó ṣóńṣó lọ́hùn-ún. Èèyàn 11 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn lè gbìyànjú láti gbé e síwájú ní yáàdì 10. Tí wọn ò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ àwọn kejì nìyẹn. Tí wọ́n bá gbé e dé òpin pápá, touchdown ni. Ẹnì kan wá wà tí gbogbo ẹ̀ rọ̀ mọ́ lọ́rùn, òun ni wọ́n ń pè ní quarterback. Òun ló máa pinnu bóyá kí òun ju bọ́ọ̀lù fún ẹni tó ń sáré lọ níwájú, tàbí kí òun gbé e fún ẹni tó wà nítòsí, tàbí kí òun fúnra ẹ̀ gbé e sáré.

Iṣẹ́ yẹn le o. Gbogbo ìgbésẹ̀ ni wọ́n ti yà sínú ìwé, ìwé tó nípọn, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n sórí. Láti ọdún 1994 ni rédíò ti wà nínú akoto tó máa ń dé. Kóòṣì á sọ fún un létí pé eré báyìí báyìí ni kí wọ́n ṣe, òun náà á sọ fún àwọn 10 yòókù. Tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15 lórí aago, rédíò á kú. Ó ku òun nìkan. Á wo bí àwọn tó dojú kọ ọ́ ṣe dúró, tí kò bá fẹ́ràn ohun tó rí, ó lè yí gbogbo eré náà padà lójú ẹsẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá wá dé ọwọ́ ẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ló ní kí àwọn òmìrán tí wọ́n tẹ̀wọ̀n ju kílò 120 lọ tó já lù ú. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó ti tán.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ pé ẹni tó máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, orí ẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Òótọ́ sì ni. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni báwo lèèyàn á ṣe mọ ẹni tórí ẹ̀ pé.

Ìdánwò tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ń jẹ́ Wonderlic. Orúkọ ẹni tó ṣe é ni, Eldon Wonderlic, ní àwọn ọdún 1930. Kò ṣe é nítorí bọ́ọ̀lù rárá, àwọn ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ ló ṣe é fún. Ó wọ inú bọ́ọ̀lù ní àwọn ọdún 1970, orúkọ Tom Landry, kóòṣì Dallas Cowboys, ni wọ́n sì máa ń dá jù tí wọ́n bá ń sọ bó ṣe wọlé. Ìbéèrè 50 ni, ìṣẹ́jú 12 péré ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo pín in: ìṣẹ́jú àáyá 14 àti díẹ̀ fún ìbéèrè kan! Irú ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, bí ìwé mẹ́ta bá jẹ́ ₦450, mélòó lèèyàn máa fi ₦1,200 rà? Tàbí, nọ́ńbà wo ló kàn lẹ́yìn 2, 5, 11, 23? (Èmi ni mo ṣe méjèèjì yìí o. Ẹ lọ ṣe wọ́n, mi ò ní sọ ìdáhùn.) Ẹni tó bá gba nǹkan bí 20 nínú 50, bí èèyàn púpọ̀ ṣe ń gbà nìyẹn.

Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ yunifásítì tó fẹ́ wọ NFL jọ sí Indianapolis. Wọ́n á ní kí wọ́n sáré yáàdì 40, wọ́n á ní kí wọ́n fò, kí wọ́n gbé irin, wọ́n á tiẹ̀ wọn àtẹ́lẹwọ́ wọn. Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n máa ń jókòó kọ Wonderlic. Àṣírí ló yẹ kí máàkì náà jẹ́, àmọ́ ọdọọdún ni àṣírí ń tú tí ìwé ìròyìn ń gbé e jáde. Àwọn máàkì tí mo fẹ́ sọ yìí, bí wọ́n ṣe jáde nínú ìròyìn ni mo ṣe gbà wọ́n.

Ryan Fitzpatrick, ọmọ Harvard, gba 48. Wọ́n ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló fi ṣe é, ó dìde, ó jáde. Lọ́dún 2005, ìpele keje, tó gbẹ̀yìn pátápátá, ni wọ́n tó mú un. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún 17 ní ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án. Kò burú o, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ gbogbo ọdún 17 yẹn, kò gbá eré kan ṣoṣo nínú ìdíje ìparí sáà. Dan Marino ńkọ́? Wọ́n ní 15 tàbí 16 ló gbà. Kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ka tiwa: bí 32 nínú 100 nìyẹn, bírò pupa ni wọ́n máa fi kọ ọ́. Marino yìí kan náà lẹni àkọ́kọ́ tó ju bọ́ọ̀lù ju yáàdì 5,000 lọ ní sáà kan ṣoṣo. 5,084 ni, lọ́dún 1984, pẹ̀lú touchdown 48. Irú máàkì bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ní Terry Bradshaw gbà, ó sì gba Super Bowl mẹ́rin.

Mo fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀ kí n sọ pé ìdánwò náà ò wúlò. Ó máa dùn gan-an. Àmọ́ Tom Brady gba 33, ó gba Super Bowl méje. Aaron Rodgers gba 35. Eli Manning gba 39, ó gba Super Bowl méjì. Ẹ ò rí i pé kò rọrùn? Ẹni tí máàkì ẹ̀ ga ṣe dáadáa, ẹni tí tiẹ̀ kéré náà ṣe dáadáa, ẹni tí tiẹ̀ ga tún wà níbẹ̀ tí kò débì kan.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Vince Young. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, ó gbé bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Texas, wọ́n bá USC gbá ìdíje àṣekágbá, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 19 ló sáré wọ òpin pápá tí wọ́n fi borí. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn, ìròyìn gbòde pé 6 ló gbà nínú Wonderlic. Wọ́n tún un ṣe, ó gba 16, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ 16. 6 ni gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Tennessee mú un ní ipò kẹta síbẹ̀, òun ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn ẹni tuntun tó ta yọ jù lọ́dún yẹn nínú àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú. Lẹ́yìn ìyẹn nǹkan ò lọ dáadáa fún un mọ́, ọdún 2011 ni eré ẹ̀ dópin ní NFL. Àwọn kan ní, "Ẹ ò rí i? Máàkì yẹn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀." Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá ń pè lólódo níwájú gbogbo ayé láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún 22, ṣé máàkì ẹ̀ ló ṣe é ni, àbí ẹnu àwọn tó ń pè é?

Apá kan sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó kàn wá gan-an, àwa aláwọ̀ dúdú. Ó pẹ́ táwọn kan ní Amẹ́ríkà ti ń sọ pé èèyàn dúdú lè sáré, ó lè fò, àmọ́ kò lórí láti ṣe quarterback. Nígbà tí Warren Moon parí yunifásítì lọ́dún 1978, kò sí ẹgbẹ́ NFL kankan tó mú un. Ó kọjá lọ sí Kánádà, ó bá Edmonton gba ife wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, ìgbà yẹn ni Houston tó wá pè é. Lọ́dún 2006, òun ni quarterback dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù wọn. Lọ́dún 2018, wọ́n ní kí Lamar Jackson fi jíju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kó máa gbá a mú. 13 ni wọ́n ní ó gbà nínú Wonderlic. Ó ní quarterback lòun, ó sì ti gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní NFL lọ́dún 2019 àti 2023.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ nìyí. NFL gbà láti san owó fún àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́ nítorí fífi orí gbá ara wọn. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe ìdánwò ọpọlọ láti mọ ẹni tí tiẹ̀ ti bàjẹ́. Nínú ìṣirò wọn, wọ́n gbà pé ọpọlọ èèyàn dúdú ti kéré látilẹ̀! Ìyẹn ni pé bí aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú bá gba máàkì kan náà, aláwọ̀ funfun lè gba owó, kí wọ́n sọ fún aláwọ̀ dúdú pé kò sóhun tó ṣe é, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣèlérí pé àwọn máa jáwọ́ ńbẹ̀. 2021 o, mo ti wà láyé. Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé yẹn sílẹ̀, mo jáde lọ dúró sí báńkónì.

Kí n padà síbi ìbéèrè mi. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí ẹ̀. Lọ́dún 2009, àwọn mẹ́ta kan, Lyons, Hoffman àti Michel, kó máàkì agbábọ́ọ̀lù 762 jọ, wọ́n fi wé bí wọ́n ṣe ṣe lórí pápá. Wọn ò rí ìbátan kan tó ṣe gúnmọ́ láàárín méjèèjì. Lọ́dún 2011, Berri àti Simmons wo àwọn quarterback nìkan. Wọ́n ní máàkì náà máa ń ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láti pinnu ẹni tí wọ́n á tètè mú, àmọ́ kò sọ ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù dáadáa. Ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ń fi nǹkan yan èèyàn, nǹkan náà ò sì mọ ẹni tó yàn.

Mo mú un lọ bá olùkọ́ ìṣirò wa, mo rò pé wọ́n máa sọ pé, "O ṣeun, ọpọlọ ò wúlò fún bọ́ọ̀lù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n wo tíìmù basketball wa. Gbogbo wọn ló ga. Láàárín wọn, ṣé ẹni tó ga jù ló ń ju bọ́ọ̀lù wọlé jù? Mo ní rárá, ẹni tó kúrú jù nínú wọn ni. Wọ́n ní, "Ṣé gíga ò wúlò nínú basketball nìyẹn?" Mo dákẹ́. Wọ́n ní gbogbo àwa tí a wà níbí la ti yege ìdánwò àbáwọlé. Tí wọ́n bá gbé máàkì àbáwọlé wa síwájú, tí wọ́n fi wé ipò wa ní kíláàsì báyìí, ó lè máà jọra rárá, torí àwọn tí wọn ò yege ò sí láàárín wa ká tó máa fi wọ́n wéra.

Ó wá yé mi. Ó dà bí ẹni tó ń sẹ́ ògì. Ohun tó bá ti gba inú asẹ́ kọjá, o ò lè fi asẹ́ yẹn kan náà yà á sọ́tọ̀ mọ́. Àwọn quarterback tó dé Indianapolis yẹn, wọ́n ti wà níwájú ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tó ń gbá eré náà nílé ìwé girama, wọ́n ti mọ ìwé eré tó nípọn yẹn sórí ní yunifásítì. Olódo gidi ò lè dé ibẹ̀. Nítorí náà, ìwádìí yẹn ò sọ pé kéèyàn máà lo ọpọlọ. Ohun tó sọ ni pé láàárín àwọn tó ti dé ibẹ̀, ìṣẹ́jú 12 àti bírò ò lè yan ọ̀kan.

Níbi tí èdè wa ti wọ̀ ọ́ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ẹ kì í ṣe Yorùbá tí ẹ ń kọ́ ọ báyìí gbọ́. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan tó ń lò, intelligence. Àwa kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A máa ń ní: orí ẹ̀ pé. Ojú ẹ̀ là. Ó ní òye. Ó ní làákàyè. Ó gbọ́n féfé. Ó já fáfá. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹnì kan lè ní orí pípé kójú ẹ̀ má là. Irú wọn wà ní kíláàsì wa, wọ́n á gba 90 nínú Basic Science, wọ́n á sì fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀ níbi táwọn síníọ̀ máa rí i. Wonderlic lè mọ ẹni tórí ẹ̀ pé tó sì yá. Kò lè mọ ẹni tójú ẹ̀ là, kò sì lè mọ ẹni tọ́kàn ẹ̀ máa balẹ̀ nígbà tí òmìrán kílò 120 bá ń bọ̀. Ẹ wo ayò. Bàbá bàbá mi máa ń sọ pé lábẹ́ igi tí wọ́n ti ń ta á, ọ̀ta ni ọ̀ta, òpè ni òpè. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀ta. Ọmọ ayò ni wọ́n máa ní kó tà.

Ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ rántí, ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ọdún 2023, Ọjọ́ Àìkú. Eré méjì ni. Nínú èkíní, quarterback Minnesota fi orí gbá, wọ́n gbé e jáde. Ẹni tó wọlé dípò ẹ̀ ni Joshua Dobbs. Kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ tí wọ́n gbà á láti Arizona. Kò tíì mọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń gbá! Kóòṣì ló ń ṣàlàyé eré fún un nínú akoto kí rédíò tó kú. Ó kọ́kọ́ ṣe lámọ̀lámọ̀, lẹ́yìn náà ara ẹ̀ balẹ̀, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 22 ló ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi na Atlanta 31 sí 28. Ìwé tí Dobbs kà ní yunifásítì ni ti ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú. Orí ìwé wà níbẹ̀ dáadáa.

Eré kejì ni ti Houston, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ láìdìde dúró. C.J. Stroud ni quarterback wọn, ọdún tó kọ́kọ́ wọ NFL nìyẹn. Kí wọ́n tó mú un, ó ṣe ìdánwò mìíràn tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, S2 lorúkọ ẹ̀. Ìròyìn gbé e pé nínú àwọn 100 tó bá ṣe é, àwọn 18 péré ló máa wà lẹ́yìn ẹ̀. Bryce Young, tí wọ́n kọ́kọ́ mú lọ́dún yẹn, gba 98. Ilé iṣẹ́ tó ni ìdánwò náà ní kì í ṣe gbogbo máàkì tó jáde ló tọ̀nà, àmọ́ ó ti pẹ́ jù, ẹnu ti kún. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Tampa Bay ń fi àmì mẹ́rin na Houston, ìṣẹ́jú àáyá 46 ló kù. Stroud gbé wọn la gbogbo pápá já, ó ju touchdown nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Yáàdì 470 ló jù lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tuntun tó jù tó bẹ́ẹ̀ rí nínú eré kan. Ẹgbẹ́ ẹ̀ borí nínú eré 10 nínú 17 lọ́dún náà. Ti Bryce Young borí nínú méjì. Mi ò fi bú Bryce Young o, ẹgbẹ́ tó bá ò dára, sáà kan ò sì tó fi mọ èèyàn.

Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹni tó kàwé ẹ̀rọ òfuurufú àti ẹni tí wọ́n ní ọpọlọ ẹ̀ ò yá ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ó ní ọ̀rẹ́ mi kan tí mi ò ní dárúkọ. Bẹ́ẹ̀dì òkè ni tiẹ̀, ìsàlẹ̀ ni tèmi. Ní sáà tó kọjá, nígbà tí wọ́n lẹ ipò wa mọ́ bọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo wà lókè pátápátá, òun wà ní ipò 37 nínú àwa 40. Láti ọjọ́ yẹn, 37 ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe àwọn ọmọ kíláàsì wa nìkan, àwọn JSS 1 náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń nawọ́ ní kíláàsì tí olùkọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀. Kò nawọ́ mọ́. Lórí pápá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún pé kò lórí. Èmi náà, wọ́n ń sọ fún mi pé mo máa di ńlá. Inú mi máa ń dùn, mi ò purọ́. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti kà nípa Fitzpatrick, mo máa ń bi ara mi pé kí gan-an ni ipò kìíní yẹn ti ṣèlérí fún mi.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní kí ẹ má ṣe ìdánwò mọ́ (bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mọ́mì mi á wá gbé mi). Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù mọ́. Ẹ ká a, ẹ fi í lé oníkálukú lọ́wọ́. Ẹni tó gba 37 á mọ̀ pé òun gba 37, á sì lè wá bá yín pé ibi báyìí ò yé òun, láìsí pé àwọn JSS 1 ń fi kọrin.

Lọ́dún 2022, NFL fúnra ẹ̀ gbé Wonderlic kúrò ní Indianapolis. Àwọn ẹgbẹ́ ṣì ń lo oríṣiríṣi ìdánwò mìíràn, àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí wọ́n ń ṣe kò ní máàkì. Kóòṣì á mú quarterback wọ yàrá, á ya eré kan sójú pátákó, á ṣàlàyé ẹ̀, á nù ún kúrò. Wọ́n á wá sọ nǹkan mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Lójijì, á ní, "Ó yá, ya eré yẹn fún mi, kí o sọ iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi dán an wò pẹ̀lú ìdérí ìgò 11. Mo tò ó, mo sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sáré lọ, mo kó o, a lọ pọn omi, a padà dé. Ó tò ó padà láìṣì ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo gbàgbé méjì. Ó ní ká lo 22, ká fi àwọn tó dojú kọ wá kún un. Lẹ́yìn prep ọjọ́ Sátidé, abẹ́ igi máńgòrò la máa wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú kó mú ìdérí ìgò tiẹ̀ dání, tiwa ò tó.